Òṣùwọ̀n Wọ Inú Igbó Ìjọba

Láti 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ilé tí wọ́n bá fi owó ìjọba àpapọ̀ kọ́ ṣeé wọ̀ fún aláàbọ̀ ara. Ìlànà gbogbogbòò ti ìjọba àpapọ̀ fún ojú ọ̀nà inú igbó àti ibi ìpàgọ́ kò dé àfi ní 2013. Ẹ ò rí i pé ó pẹ́! Àwọn ọ̀dọ́ kan, aláàbọ̀ ara àtẹni tára rẹ̀ dá ṣáṣá, ti jọ gbé òṣùwọ̀n wọ igbó ìjọba láti yẹ ọ̀nà wò: ṣé ọ̀nà fẹ̀ tó ínǹṣì 36? Ṣé táyà kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ò ní rì? Ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ló mọ gbòǹgbò tó ń dá a dúró. Àmọ́ ìwọ̀n nìkan kò tún ọ̀nà ṣe. Kí àwọn aláṣẹ yáa fowó sí i.