Ìgbà Wo Ni Àmì-Ẹ̀yẹ Àwọn Ẹnjiníà Yóò Dé Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Yan Gààrí ní Lálúpọn?

A máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì kan gba àmì-ẹ̀yẹ nítorí ìwádìí tí wọ́n ṣe. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi àwọn ìyá tó ń yan gààrí ní Lálúpọn léèrè pé èwo nínú ìwádìí náà ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Wẹ́dà àdúgbò ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá ihò sí lára ló wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè ni wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́.

Kì í ṣe pé àwọn ẹnjiníà wa kò mọṣẹ́ o. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. A. Makanjuola ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1987, ṣe ẹ̀rọ tó ń gún iyán láìlo ọmọ odó. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Òṣòdì lọ́dún 1956, náà ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń sọ ẹ̀gẹ́ di gààrí.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Lójú tèmi, ẹ̀bi náà pín sí méjì. Ìwé ìwádìí tí olùkọ́ Yunifásítì bá kọ ni wọ́n ń wò jù tí wọ́n bá fẹ́ gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe iye ẹ̀rọ rẹ̀ tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n àwa oníṣòwò náà kì í lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lálúpọn kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́, kí ẹ kọ ìṣòro yín sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: iye epo tó ń bá àpò ẹ̀gẹ́ kan lọ, iye ìgbà tí ẹ ń pààrọ̀ páànù lóṣù, èéfín tó ń ta àwọn tó ń yan gààrí lójú.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ rántí ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ lọ́dún 1973. Oṣù mẹ́fà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fi ń kọ́ṣẹ́ níta nínú ètò náà. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè gba ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù yín. Òun yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ẹ̀rọ pẹ̀lú ìwọ̀n, kí ẹ̀rọ kejì tí ẹ bá ṣe lè bá ti àkọ́kọ́ mu, kí páànù ti ọ̀kan sì lè wọ inú èkejì.

Ẹ̀yin tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ, ẹ máa kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló ń lo ẹ̀rọ náà? Lọ́jọ́ tí èéfín bá kúrò lójú àwọn ìyá Lálúpọn, àwa fúnra wa la máa pàtẹ́wọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá mú un kúrò.