Ẹ Kọ Orúkọ Odò Sára Ìgò Ẹja

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo mú wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, nílé wa ní Brigade, bọ̀dá mi mú ẹja wẹ́wẹ́ bọ̀ láti Tiga. Ọmọ ará ilé wa náà mú tirẹ̀ wá láti odò Challawa. Mo da gbogbo wọn sínú ike kan ṣoṣo. Nígbà tí mo gbé wọn dé iléèwé, olùkọ́ wa bi mí pé, "Èwo ni ti Tiga níbẹ̀?" Mo wò títí, mi ò dá a mọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ẹja ò ju ẹja lọ, ṣebí inú ọbẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ." Èmi ò gbà o. Ẹ wo ẹja tí wọ́n ń pè ní swordtail, tí ìrù akọ rẹ̀ gùn sẹ́yìn bí idà. Láti Mẹ́síkò dé Honduras ni odò tiwọn wà. Àwọ̀ ewé ni ti inú odò sábà máa ń ní. Àwọn pupa tí wọ́n ń tà, wọ́n ti pò wọ́n mọ́ ẹja mìíràn tó ń jẹ́ platy. Láti nǹkan bí 1928 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé nínú àwọn ọmọ tí swordtail àti platy bá jọ bí, àwọn kan máa ń ní jẹjẹrẹ awọ. Ṣé ẹja ò ju ẹja lọ náà nìyẹn?

Àwa náà ní tiwa. Ẹja kékeré kan wà nínú àwọn odò wẹ́wẹ́ ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, Fundulopanchax gardneri ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Akọ rẹ̀ dán bíi búlúù, ó ní àmì pupa wínníwínní lára. Abo rẹ̀ kàn rí bí àwọ̀ ilẹ̀ ni. Àwọn tó ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń kọ ibi tí wọ́n ti kó o sára rẹ̀: Makurdi, Lafia, Akúrẹ́. Àní Akúrẹ́ tiwa! Wọn kì í jẹ́ kí ti Akúrẹ́ bá ti Lafia bímọ. Tí ìwé yẹn bá já bọ́, ó ṣòro kéèyàn wo abo lójú kó mọ ìlú tó ti wá.

Ẹni tí kò dé Akúrẹ́ rí ń pa orúkọ Akúrẹ́ mọ́. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi gba ẹja Tiga, mi ò lè nawọ́ sí i.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kánò ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí ní ìlú wa, Ọ̀fà ni mo máa ń dáhùn. Ẹja ò lè dáhùn. Àwa tó mú un ló yẹ ká bá a dáhùn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń sin ẹja, ìbáà jẹ́ nínú ìgò, kó lẹ ìwé mọ́ ọn: odò wo, ọjọ́ wo, ta ló mú un. Ẹ má da ti odò méjì pọ̀. Ẹ má sì da èyí tí ẹ rà sínú odò tàbí gọ́tà. Tí a bá sì lọ sílé, kí kálukú bi àwọn àgbà léèrè orúkọ Yorùbá ẹja kékeré kan, ká wá kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa.

Èmi ti wá ìgò méjì sílẹ̀ báyìí. Èrò tèmi nìyẹn o.