Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Pé Ẹ Lé Wa Padà

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Tógò! Ọ̀rọ̀ bodè ni mo bá wá.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS, tọwọ́ bọ̀wé pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ní kó mú dání. Níbo ni wọ́n kọ owó sí níbẹ̀?

Ẹ wá dé ẹnu bodè, ẹ fìwé hàn, ọmọ tí ẹ lè bí á ní, "Padà, o ò lè wọlé." Kò sọ ìdí. Ẹ ki 1,000 sefa sínú ìwé náà, ọ̀nà là! Òfin tó lé yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn dà?

Lóòótọ́, abala 4 gba orílẹ̀-èdè láyè láti kọ ẹni tí òfin rẹ̀ bá sọ pé kò yẹ kó wọlé. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ń lọ sìnkú àbúrò rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ ńkọ́? Abẹ́ Kétu ni Ìmẹ̀kọ wà kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó pín wa ní 1889.

Wọ́n á ní nítorí fàyàwọ́ ni. Ṣebí Nàìjíríà ti bodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019 nítorí ìrẹsì? Sẹ̀mẹ̀ ò ṣí títí di oṣù Kejìlá 2020, Ìdí-Ìrókò di 2022. Ọkọ̀ ìrẹsì mọ ọ̀nà inú igbó. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló jẹrà.

Mi ò bá Nàìjíríà nìkan wí o. Àwọn tiwa náà, bí wọ́n bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àlejò, owó á lé. Yorùbá la jọ ń sọ, àfi ká tún fi sefa túmọ̀ rẹ̀!

Ẹni tí kò mú ìwé kankan dání, mi ò gbèjà rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ péye tí ẹ sì lé padà, ẹ fún un ní ìwé tó ní òǹtẹ̀, orúkọ ọ̀gá tó lé e, àti abala òfin tó lò. Ẹ̀yin arìnrìn-àjò náà, ẹ béèrè ìwé yẹn kí ẹ tó na ọwọ́ sápò. Ẹ béèrè rẹ̀ ní Yorùbá, bí wọn ò bá gbọ́, ẹ béèrè rẹ̀ ní Faransé.