Iṣẹ́ Ọkùnrin, Iṣẹ́ Obìnrin: Ta Ni Ó Pín Wọn?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àwọn àgbà a máa wí pé àtikékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní òṣòó. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, àwọn tí ó ń pa òwe náà gan-an ni ó ń gbàgbé rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kan ọkùnrin àti obìnrin. Wọn a ní, “Bí Ọlọ́run ti dá wọn nìyẹn.” Mo lòdì sí i. Ọlọ́run ni ó dá ara. Ènìyàn ni ó pín iṣẹ́.

Ẹ wo ilé wa ní òwúrọ̀. A ti fi ìgbálẹ̀ lé ọmọbìnrin lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣì ń sùn. Bí ọmọkùnrin bá sunkún, a ní kò ṣe bí ọkùnrin. Bí ọmọbìnrin bá bèèrè ọ̀rọ̀, a ní, “Ṣé báyìí ni ìwọ yóò ṣe máa ṣe ní ilé ọkọ?” Nígbà tí wọ́n bá fi dàgbà, ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ wọ́n lára, a sì ń pè é ní àbínibí. Kò tán síbẹ̀. Bàbá arúgbó tí aya rẹ̀ kú ń jìyà ọ̀fọ̀, ó sì ń jìyà ebi, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ láti se ọbẹ̀ rí.

Àwọn kan yóò ní àṣà Ẹ̀gbá ni. Àṣà Ẹ̀gbá wo? Nínú ọmọ-ogun Dàhòmì tí ó wá jà wá ní Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, àwọn jagunjagun obìnrin wà níbẹ̀. A kò bí wọn pẹ̀lú ìbọn. Ẹ̀kọ́ ni ó sọ wọ́n di akọni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ẹfúnróyè Tinúbú pèsè ohun ìjà fún àwọn tí ó gba ìlú là, Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Bí ọkùnrin rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ.

Àgbà pàápàá lè tún ẹ̀kọ́ kọ́. Ọmọkùnrin nìkan ni a dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀ fún ní 1908. Nígbà tí ó gba ọmọbìnrin wọlé ní 1914, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára àwọn àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà, obìnrin kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin ti ń san owó-orí, nígbà tí ti ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ní 16. A pè é ní aláìlágbára nígbà tí a ń pín ọlá, a pè é ní alágbára nígbà tí a ń gba owó! Fúnmiláyọ̀ kó àwọn obìnrin ọjà jọ, ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà, wọ́n sì yarí ní 1947. Ní 1948 a dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà títí di ìparí 1950.

Ṣé mo ń wí pé ọkùnrin àti obìnrin kò yàtọ̀ ni? Rárá. Obìnrin ni ó ń lóyún. Ṣùgbọ́n oyún kò ní kí obìnrin nìkan máa fọ abọ́.

Èmi pẹ̀lú jẹ̀bi. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn ọmọbìnrin ni mo máa ń rán lọ pọn omi fún àwọn olùkọ́, ọmọkùnrin ni mo sì ń fi ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún. Ní ọdún kan, ọmọbìnrin tí ó gba ipò kìíní bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Mo ní, “Bí a ti ń ṣe é nìyẹn.” Kò tún nawọ́ sókè mọ́ nínú kíláàsì títí ó fi jáde. N kò kọ ẹ̀kọ́ yẹn sára pátákó, síbẹ̀ ó yé e ju gbogbo ìṣirò tí mo kọ́ ọ lọ.

Nítorí náà, ìwọ ọmọkùnrin, mú ìgbálẹ̀ lọ́la kí a tó pè ọ́. Ìwọ ọmọbìnrin, nawọ́ sókè, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń wò ọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni.