Ìyẹ̀wù Tí Òkun Ti Ń Tọ́mọ

Bí ènìyàn bá bu omi ọ̀sà Èkó sẹ́nu ní oṣù Kejì ọdún, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú kí odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun rù bí ẹni tí ó ti àìsàn dìde, iyọ̀ ni yóò bá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà sí ibi kan náà ní oṣù Keje, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ títí tí ilẹ̀ fi mu àmuyó, omi tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti odò ni yóò gbé mì. Èbúté kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni ó gbé e débẹ̀, síbẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan omi náà ti ṣe ọmọ òkun, ó sì ti tún ṣe ọmọ odò. Nínú ìyípadà yìí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ohunkóhun, ni ìgbésí ayé ẹja àti edé àti akàn tí ń bọ́ ìlú Èkó ti fìdí múlẹ̀. Àìmọ̀ rẹ̀ ni ó sì jẹ́ kí àwọn aláṣẹ àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ máa ṣe àṣìṣe ńlá kan títí di òní olónìí, èyíinì ni àṣìṣe pípe irà àti àbàtà ní ilẹ̀ tí kò wúlò fún ohun kan, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò da yanrìn dí i kí ó tó di ilẹ̀.

Àwọn àgbà tí wọ́n ń ki Èkó ní Àkéte, tí wọ́n ń kì í ní Arómisá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọ̀sà yìí fẹ̀ ju 200 kìlómítà níbùú lóòró lọ, síbẹ̀ kò jìn: bí a bá yọ ojú ọ̀nà tí a gbẹ́ fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá kúrò, ibi tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni apẹja lè fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ kọjá láì fọwọ́ kan àjẹ̀. Láti ìlà oòrùn ni Ọ̀ṣun ti ń bọ̀, lẹ́yìn tí ó ti kí Òṣogbo. Láti àríwá ni Ògùn ti ń sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti gba Abẹ́òkúta kọjá. Láti ìwọ̀ oòrùn ni Yewa ti ń gbé tirẹ̀ wá gba ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bá jáde sí òkun ní Èkó, ẹni tí ó bá sì ń tọ omi lọ sí ìwọ̀ oòrùn kò tún ní rí òmíràn títí yóò fi dé Kútọnu, níbi tí àwọn Faransé ti la etíkun ní 1885. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ pé ìgbàgbọ́ àtijọ́ fi Olókun jọba lórí omi iyọ̀, tí ó sì fi Ọlọ́sà jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀; àwọn tí ó gbé ìgbàgbọ́ náà kalẹ̀ ti fi ojú rí i pé omi méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, àti pé ohun tí ń gbé inú wọn kò tẹ̀lé òfin kan náà.

Bí omi òkun bá kún, tí ó ń wọ ọ̀sà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, abẹ́ ni ó ń gbà wọlé, nítorí pé omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ; omi odò a sì máa léfòó lórí rẹ̀, a máa ṣàn jáde bí ẹni pé kò rí àlejò tí ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lórí ìṣàn abẹ́ yìí ni ọmọ edé ń rìn wọlé. Ojú òkun ni ìyá edé pupa ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n bí ẹyin náà bá ti di ọmọ tín-ín-tìn-ìn-tín, inú ọ̀sà ni ọmọ náà ń sá wá, sí ibi tí omi kò ti jìn, tí ẹrẹ̀ ti pọ̀, tí ẹja ńlá kò ti lè lé e. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹun, tí yóò ti dàgbà, kí ó tó padà sí òkun lọ pàdé àwọ̀n ọkọ̀ ńlá. Edé odò, èyí tí apá rẹ̀ gùn, ń rin ìrìn yìí lódìkejì: odò ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n bí abo rẹ̀ bá lóyún, a sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí iyọ̀ wà, nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò lè yè nínú omi tí kò níyọ̀ rárá. Abo akàn náà, bí àkókò àtipa ẹyin rẹ̀ bá tó, ẹnu òkun ni í kọrí sí. Ó wá hàn gbangba pé edé tí a fi ń ṣòwò lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń kó lọ sí òkèèrè nínú yìnyín, ọmọ ẹrẹ̀ ọ̀sà ni; ẹni tí ó bá sì dí ẹrẹ̀ náà pa, òkun ni ó tú láṣọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ẹsẹ̀ kan òkun rí.

Nínú gbogbo wọn, ẹ̀pìyà ọ̀sà ni ìtàn rẹ̀ wọni lọ́kàn jù. Bí abo bá ti yé ẹyin tán, akọ ni í kó o sẹ́nu. Baba ni í gbé ẹyin náà kiri títí yóò fi pa, kì í sì í sábà jẹun ní gbogbo ìgbà náà. Etí omi, níbi tí kò ti jìn, tí koríko tàbí gbòǹgbò igi ti ṣíji bò ó, ni baba yìí ń wá láti tu àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní odò kì í kún kí ó bo ẹja lójú, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ti omi ni wọ́n sọ, wọn kò sọ ti yanrìn.

Igi tí ń ṣíji bo etí omi náà ni ẹ̀gbà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n a máa rò pé igi burúkú ni, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ta jáde láti ara igi wá sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ alántakùn, ẹrẹ̀ tí ó sì dúró sí dúdú, ó ń rùn. Òórùn náà gan-an ni òórùn ìyè. Ewé ẹ̀gbà a já bọ́ sínú ẹrẹ̀, a rà, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a jẹ ẹ́. Akàn àti edé a jẹ ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà, ẹja a jẹ edé, ọ̀bọ̀kún a jẹ ẹja, ènìyàn a jẹ ọ̀bọ̀kún. Lára gbòǹgbò náà ni ìkarahun ọ̀sà ń lẹ̀ mọ́, tí àwọn obìnrin ń wọ omi lọ ká nígbà tí omi bá fà. Èso ẹ̀gbà kì í sì í já bọ́ kí ó tó hù: orí igi ìyá rẹ̀ ni ó ti ń ta gbòǹgbò gígùn, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, a gúnlẹ̀ ṣánṣán bí ọ̀kọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà kí omi tó kún dé. Igi tí ó ní irú ọgbọ́n báyìí kò nílò olùtọ́jú; bí a kò bá ti gé e, tí a kò sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò dá ara rẹ̀ tọ́.

Ìlera ọ̀sà sì wà nínú ìyípadà rẹ̀, èyí tí ọdún 1984 fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ní ọdún náà ni koríko aládòdó àlùkò, tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù jẹ́ ilé rẹ̀, gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà, tí ó sì bo ojú omi débi pé ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Ojú oró àti òṣíbàtà ti ń lékè odò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àlejò yìí ni kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iyọ̀ sì wọ ọ̀sà, koríko náà a rọ, a kú ní agbègbè Èkó, a wá dúró de òjò mìíràn. Iyọ̀ ni ó ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Bí a bá dí ọ̀nà tí omi òkun ń gbà wọlé, tàbí tí a dí àwọn ẹsẹ̀ odò kéékèèké tí ń gbé omi kiri inú irà, a ti lé adáhunṣe kúrò nílé aláìsàn.

Ohun tí a sì ń ṣe nìyẹn. Ní ti ìyẹ̀fun pákó tí ó wọ omi láti ibi ìlagẹdú Òkòbàbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ń bo àwọn ẹ̀dá ìsàlẹ̀ omi mọ́lẹ̀, tí ó sì ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí mọ́ wọn lọ́wọ́, àti ní ti ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń tú sọ́sà, àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wọn. Ó burú, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wọ omi lónìí, bí a bá jáwọ́, ìṣàn omi lè gbé e lọ ní ọ̀la. Yanrìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá ti rọ yanrìn sí, tí a sì kọ́lé lé, kò sí òjò kan tàbí ìgbì kan tí yóò sọ ọ́ di àbàtà mọ́ lójú ọmọ tàbí lójú ọmọọmọ. Ibi tí a ti wa yanrìn náà jáde sì ń di kòtò jíjìn tí oòrùn kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ọmọ ẹja kò sì ní ibi ààbò níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a fi pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin méjì tí ó yẹ kí a gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkíní kọ̀ fún ọkọ̀ ńlá apẹja láti sún mọ́ etíkun ju máìlì márùn-ún ti orí òkun lọ, kí àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré lè rí ti wọn jẹ, kí ẹja tí ó sún mọ́ ilẹ̀ sì lè bí sí i. Òfin ọlọ́gbọ́n ni. Èkejì sọ pé kí a ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe fún ilẹ̀ àti omi kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ka dídí etíkun mọ́ ohun tí àyẹ̀wò náà jẹ́ dandan fún, bí ó bá ti tó 50 hẹ́kítà. Nínú òǹkà yìí ni ewu fi ara pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá dí hẹ́kítà mẹ́ta lónìí, tí aládùúgbò rẹ̀ dí márùn-ún ní ọdún tí ń bọ̀, tí ẹnìkẹta sì dí mẹ́wàá lẹ́yìn wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kan òǹkà òfin, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ti tán ní gbogbo etí omi náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òfin tí ń ṣọ́ ẹnu ibodè, tí kò ṣọ́ ọgbà, ó ti gbà kí ẹlẹ́dẹ̀ jẹko.

Àwọn kan yóò sọ pé Èkó kún, pé ènìyàn ń dé lójoojúmọ́, pé a kò lè fi ilé du ọmọ ènìyàn nítorí akàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ gbá dànù, nítorí pé àìrílé gbé ń dun tálákà dé egungun. Ṣùgbọ́n kí a béèrè ẹni tí ń gbé orí yanrìn tí a dà sínú ọ̀sà: kì í ṣe ẹni tí ń sùn sábẹ́ afárá, olówó ni. Ẹni tí a ń lé kúrò ni apẹja, àti ìyàwó rẹ̀ tí ń yan ẹja, tí àbàtà jẹ́ oko fún. Ọ̀rọ̀ pé ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ omi jẹ́ èrè lásán náà kò dúró. Láti 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó kí ọkọ̀ lè wọlé láìséwu. Yanrìn tí ìgbì ń kó láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn sì forí sọ ògiri náà, ó ń pọ̀ ní apá kan, nígbà tí òkun jẹ etíkun Victoria ní apá kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a sì ná owó rẹpẹtẹ láti kó yanrìn padà síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí etíkun ti jẹ́ ẹrẹ̀ láìsí yanrìn, àwọn ọ̀nà omi tí a là wọ inú irà nítorí epo rọ̀bì jẹ́ kí iyọ̀ wọ ibi tí kò dé rí, ó pa igi, ó lé ẹja odò; Ayétòrò tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì tẹ̀dó ní 1947 sì ń di ti òkun lójúlé-lójúlé. Omi kò gbàgbé ibi tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Fífi ibì kan sílẹ̀ kò kọjá agbára ìlú. Ọgbà ìdáàbòbò igi àti ẹranko tí a dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní 1990, tí ó jẹ́ 78 hẹ́kítà, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú irà rẹ̀ àti ọ̀bọ rẹ̀, bí ilé tilẹ̀ ti yí i ká bí ọmọ ogun. Ní Gánfié, lórí omi Nokoué ní ilẹ̀ Benin, àwọn apẹja ti máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi, èyí tí wọ́n ń pè ní àkàjà, kí ẹja lè ríbi sá sí, kí ó rí oúnjẹ, kí ó sì bímọ. Ó ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé a ní láti gé igi kí a tó ri igi, ẹ̀ka náà sì ń mú kí ẹrẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn kan wà tí wọ́n rí ọ̀sà bí oko tí a ń tọ́jú.

Ohun tí ó yẹ nísinsìnyí ni kí a yí òǹkà òfin náà padà, kí a máa ka gbogbo dídí tí ó wà ní etí omi kan pọ̀, ti àná, ti òní àti èyí tí a ń tọrọ àṣẹ rẹ̀, kí ó tó di pé a fún ẹnikẹ́ni níwèé. Kí etí omi tí ẹ̀gbà ṣì wà di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ tà. Kí àwọn tí ń gbé orí omi sì ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kò sì sí ojú tí ó ń ṣọ́ ọ̀sà ju ojú apẹja lọ. Àyẹ̀wò tí a bá sì fẹ́ ṣe, kí ó má ṣe jẹ́ ti ọjọ́ kan tí àwọn ọ̀gá wọ ọkọ̀ jáde láàárọ̀, tí wọ́n padà ní ọ̀sán; omi méjì ni ọ̀sà ń jẹ́ lọ́dún, ẹni tí ó bá rí ọ̀kan kò tíì rí i. Kí wọ́n lọ ní oṣù Kejì, kí wọ́n tún lọ ní oṣù Keje, kí wọ́n ju àwọ̀n sínú omi etí ẹ̀gbà ní ìgbà méjèèjì, kí wọ́n ka ọmọ ẹja tí ó bá wà níbẹ̀, kí wọ́n sì bu omi náà tọ́ wò.