Fíúìn Sẹ́ńtà Àdúgbò Ni Ilé Bọ́ọ̀lù

Ibi mẹ́ta ni ará Ìbàdàn ti lè wo ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá: inú ilé rẹ̀, ilé ọtí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó kún Bódìjà àti Ring Road, àti fíúìn sẹ́ńtà àdúgbò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò dọ́gba rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọ òun lára, fíúìn sẹ́ńtà ni kó gbà lọ. Àwọn tó ń pe ibẹ̀ ní ibùba ọmọ ìta ń ba ohun rere jẹ́, aláṣẹ tó bá sì kà á sí ìyọnu lásán kò mọ iyì ohun tó wà nínú ìlú rẹ̀.

Àwòpọ̀ kì í ṣe àjèjì n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1959, ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ náà nílé láyé ìgbà yẹn mọ̀ pé ojú aládùúgbò kò ní í wọ́n lójú fèrèsé òun. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá sọ ọ́ di òwò. Kanu Nwankwo wọ Arsenal lọ́dún 1999, Mikel Obi wọ Chelsea lọ́dún 2006, gbogbo àdúgbò sì fẹ́ máa rí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Díìṣì ló ń gbé àwòrán náà, owó oṣooṣù rẹ̀ sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ni onísọ́ọ̀bù kan bá ra dìkódà, ó to bẹ́ńṣì, ó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé. Àgbájọ ọwọ́ ló gbé e ró, kò sí ìjọba tó dá kọ́bọ̀ sí i.

Ní àdúgbò bí Agbowó, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn pọ̀ sí, pátákó dúdú á wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, aago àti owó ìwọlé sí i. Owó náà á lé díẹ̀ bó bá jẹ́ àṣekágbá. Inú ibẹ̀ móoru, fáànù ò tó nǹkan, tẹlifíṣọ̀n méjì sì lè wà lára ògiri kan náà nítorí ìdíje méjì tó bọ́ sí aago kan. Olólùfẹ́ Arsenal kì í jókòó sáàárín ti Chelsea àfi tó bá dá ara rẹ̀ lójú. Ẹlẹ́pà àti oníomi inú ọ̀rá wà níta. Jẹnẹrétọ̀ ti wà ní sẹpẹ́, torí ẹni tí iná bá lọ mọ́ lójú nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá pẹ́nátì, ibòmíì ni yóò lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Àríyànjiyàn ibẹ̀ gan-an ni ọrọ̀ ibẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 2024, tí Nàìjíríà ń bá South Africa du àyè àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Bouaké, Victor Osimhen gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ariwo ayọ̀ sì sọ. Rẹfirí lọ wo VAR, ó fagi lé góòlù náà, ó tún fún South Africa ní pẹ́nátì, nítorí àṣìṣe tó ti ṣẹlẹ̀ níwájú ilé Nàìjíríà kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ Osimhen. Ẹni tó dá jókòó sílé, èpè ló kù fún un. Láàárín èrò, ẹni tó mọ òfin náà á là á yé àwọn tó kù, ẹlòmíì á ta kò ó, títí dìgbà tí wọ́n fi gbígbá pẹ́nátì yanjú ìdíje náà, tí Stanley Nwabali mú méjì, tí Nàìjíríà sì kọjá.

Ilé ọtí hòtẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀rọ amúlétutù àti àga tìmùtìmù, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Bọ́ọ̀lù ni wọn ò kà sí níbẹ̀. Wọ́n á pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, orin DJ á gbalé kan, ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó á sì kọ ẹ̀yìn sí àwòrán. Wíwò ó nílé tún ní ìyà tirẹ̀. Àwòrán tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ fóònù máa ń rẹ̀yìn sí ti díìṣì, nígbà mìíràn tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹni tó gbé fóònù dání lórí bẹ́ẹ̀dì á gbọ́ igbe góòlù láti ìta nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà láàárín pápá lójú tirẹ̀.

Ewu ni àwọn alátakò máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, òótọ́ sì ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, wáyà iná alágbára já lu fíúìn sẹ́ńtà kan ní Calabar níbi tí wọ́n ti ń wo Manchester United àti Anderlecht, ẹ̀mí sì bọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kan Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n, torí páànù àti pákó lásán ni wọ́n fi kan òmíràn nínú àwọn ilé náà. Ṣùgbọ́n títì wọ́n pa kọ́ ni oògùn rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé gbígba owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó lórí tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ yẹ ilé tó wà nínú rẹ̀ wò: kí wáyà má gba orí rẹ̀ kọjá, kí ilẹ̀kùn pé méjì, kí jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo wà níta gbangba. Èyí tó bá kùnà, kí wọ́n tì í títí yóò fi ṣàtúnṣe. Oníwòran náà ní láti fojú wá nǹkan wọ̀nyí kó tó sanwó.

Àléébù kan wà tí àwọn onílé ìwòran ò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìjọba. Àwọn obìnrin kì í rí ìtura níbẹ̀; èébú àti ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ló ń lé wọn sá. Onílé tí kò bá lè sọ fún oníbàárà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pé kó jáde kò yẹ ní ẹni tí à ń fowó fún. Bọ́ọ̀lù obìnrin pàápàá ń jìyà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2025, Morocco ti fi góòlù méjì sí òdo ṣáájú Super Falcons nínú àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà ní Rabat, kí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tó yí i padà sí mẹ́ta sí méjì, tí wọ́n sì gba ife náà nígbà kẹwàá. Ọjọ́ Sátidé ni, líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ láti bá a du tẹlifíṣọ̀n. Onílé ìwòran tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kò ní àwáwí kankan.