Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Eré Máa Jíṣẹ́ Òṣèlú?

Ẹ̀yin ìjòyè wa, àti ẹ̀yin ará nínú ẹgbẹ́, ọ̀ràn kan délẹ̀ tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn kan nínú wa ń dámọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ máa náwó sí eré àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì máa fi ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ìlú gbọ́ sí wọn lẹ́nu. Àwọn mìíràn ní eré kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ọ̀ràn ìlú. Pé kí a rẹ́rìn-ín, kí olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Lójú tiwa, apá méjèèjì ni ó ṣì í.

Àwọn tí ó ní kí eré yanu kúrò nínú ọ̀ràn ìlú ti gbàgbé orísun rẹ̀. Ní 1826, nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eégún aláré ṣeré lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn di òyìnbó: ó funfun, ó rù, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni eré náà jẹ́ fún àlejò: pé bí ó ti ń wò wá ni àwa náà ń wò ó. Níhìn-ín ní Ìbàdàn pàápàá, ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, tí a kì í dáná, ará ìlú a máa fi orin sọ ohun tí kò jẹ́ sọ ní ọjọ́ mìíràn. Àwa tí a jẹ́ oníwàásù kò lè gbe ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá inú orin náà lẹ́yìn. Síbẹ̀, a kò lè sẹ́ pé ọgbọ́n ni àwọn baba wa fi yọ̀ǹda ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Hubert Ògúǹdé. Eré ìjọ Ọlọ́run, ti ọgbà Édẹ́nì, ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1944. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, ó fi ìyanṣẹ́lódì àti ebi ṣeré. Ní 1946, ìjọba dá eré náà dúró ní Jos. Ní 1964, àwọn ènìyàn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pè é kí ó wá dá wọn lára yá. Ó wá, ṣùgbọ́n Yorùbá Ronú ni ó gbé wá, ìtàn ọba tí igbákejì rẹ̀ fi lé ọ̀tá lọ́wọ́. Olóyè Akíntọ́lá, tí í ṣe Premier, mọ ẹni tí òwe náà ń bá wí. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde, wọ́n jáde. Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré náà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, títí ìjọba ológun fi mú òfin náà kúrò ní 1966.

Kí ni èyí kọ́ wa? Pé ẹni tí ó pe òṣèré kò ní òṣèré lẹ́nu. Bí Ògúǹdé bá ti sọ ohun tí àwọn tí ó pè é fẹ́ gbọ́, ta ni ìbá rántí eré náà lónìí? Àwọn àgbà ní, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí àwa bá sanwó, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, akéde wa ni wọ́n dà, wọn kì í ṣe òṣèré mọ́. Ìlú a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Agbára eré kò sí nínú ìkéde. Ẹ ní kí ọmọ kan ṣe ọba, kí òmíràn ṣe agbowó-orí, kí ẹ̀kẹta ṣe opó tí kò ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ṣe agbowó-orí yóò mọ bí àṣẹ ti ń dùn lẹ́nu, yóò sì rí ojú opó náà bí ó ti ń pa á. Ní ọjọ́ kejì, ẹ pààrọ̀ wọn. Kò sí ìwàásù tí ó lè ṣe èyí. Àwa tí a ń wàásù ni a sì wí bẹ́ẹ̀.

A lè bi wá pé, bí eré bá ń dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ó bá ní kí a lọ dáná sun ilé ẹnìkejì ti rú òfin, ìbáà wọ aṣọ eré, ìbáà má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn ń dun àwọn aláṣẹ, eré mìíràn ni kí wọ́n fi dáhùn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ náwó sí eré: kí ó pèsè gbọ̀ngàn, aṣọ àti ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó mú ọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ń fi ẹgbẹ́ wa pàápàá ṣe yẹ̀yẹ́, ní Òkè-Àdó tàbí ní Mápó, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe dìde. Kí a jókòó títí eré yóò fi parí.